Ohùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìlọ́bù

Ohun tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Ẹyin ni.

Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo lọ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nítòsí ilé tí mo gba yàrá sí. Mo yà sí apá kan báyìí, mo bá ẹyin. Ẹyin lórí ẹyin, kéréètì lórí kéréètì, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ mi ò lè tó. Obìnrin kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ gbé kéréètì kan, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ. Mo dúró síbẹ̀, omi ń dà lójú mi. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù wá bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ara mi yá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ẹyin kan ṣoṣo tí mo sè ní kọ̀rọ̀ fún ọmọ mi, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà kó tó dé ẹnu?

Ọmọ Ìfọ́n ni mí. Ìlọ́bù ni mo ti lọ́kọ. Ìlú méjèèjì sún mọ́ra débi pé bí èèyàn bá wúkọ́ ní ọ̀kan, wọ́n á kí i ní "pẹ̀lẹ́" láti èkejì. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá gbóná, ààlà àárín wọn á fẹ̀ ju òkun tí mo rékọjá lọ. Mùfútáù, ọkọ mi, kò fi tìyẹn ṣe. Ìyá rẹ̀ ló fi ṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ló ti ń pè mí ní "Ọmọ Ìfọ́n". Mi ò ní orúkọ mìíràn lẹ́nu rẹ̀, àfi bí àlejò bá wà nílé. Nígbà náà màá di "ìyàwó wa".

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é, mi ò pè é ní "wọ́n". Àwọn tó tọ́ mi kọ́ mi dáadáa, mo mọ bí a ṣe ń pe àgbà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ògì ló ń tà. Ìyá Ológì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ògì rẹ̀ dára, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn: ó funfun, ó kúnná, kì í kan jù. Gbogbo abiyamọ àdúgbò wa ló ń rà á, ó sì ń fi ìmọ̀ràn ṣe èènì. Bí ìyàwó ilé kan bá bèèrè pé ṣé kí òun po ẹ̀wà lílọ̀ mọ́ ọn fọ́mọ, á fi ọwọ́ lu itan lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Hẹ́n-ẹ̀n! Ògì la mu dàgbà. Àwa náà ò kú!" Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn.

Àmínátù ọmọ mi mu ògì. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Nígbà tí mo já a lẹ́nu ọmú, ògì nìkan ló kù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, àwọn aládùúgbò ní ó ń sanra. Irun rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Bí mo bá ń dì í, ó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kì í ṣeré mọ́. Ibi tí mo bá gbé e jókòó sí náà ni màá bá a, á kàn máa wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ra ẹyin kan, mo sè é lẹ́yìnkùlé, mo bó o, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu nígbà tí ìyakọ mi yọ. Ó gba ẹyin náà, ó jù ú sí ààtàn.

"Ṣé olè lo fẹ́ sọ ọmọ wa dà? Ẹ̀yin ará Ìfọ́n ò mọ̀ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin ní kékeré, ọwọ́ rẹ̀ ò ní í kúrò lára ohun olóhun?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Ògì la mu dàgbà. Àwa náà ò kú!"

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ohun tí mi ò tíì lè dárí ji ara mi títí di òní nìyẹn, pé mo kúnlẹ̀. Kí n sì sọ òótọ́ tó kù: èmi náà gbà á gbọ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún gbogbo wa láti kékeré.

Nígbà tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn l'Óṣogbo, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyakọ mi dúró láàárín agbo ilé, ó ní òun ò ní í bò ó mọ́, pé ọmọ Ìfọ́n ló jẹ ọmọ rẹ̀. Mùfútáù jókòó síbẹ̀, ó ń fi igi kékeré ha ilẹ̀. Kò gbójú sókè. Wọ́n kó ẹrù mi síta.

Mi ò ní í sọ bí mo ṣe dé òkè òkun. Ọ̀nà náà gùn, mo rìn ín, ó parí.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́, ní ìlú kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò kì í rọ̀ kó dá. Á kàn máa sẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá òyìnbó kan wà tí mo ń bọ́ láràárọ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀gá wa ní dandan ni kí wọ́n jẹ ẹyin kan lójúmọ́ kí ara wọn má baà joro, bí wọn ò bá sì jẹ ẹ́ tán, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Màá máa fi ṣíbí gé e fún wọn díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"O ń sunkún," ni wọ́n wí.

"Òtútù ni, mà."

"Òtútù kì í ṣe báyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì la ẹnu fún ṣíbí tó kàn.

Ìlú òyìnbó kì í lé èèyàn. Kò kàn mọ̀ pé o wà níbẹ̀ ni. Ògiri kan ló pín èmi àti aládùúgbò mi. Mo mọ ikọ́ rẹ̀, mo mọ orin tó fẹ́ràn, mi ò mọ ojú rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́, kò sẹ́ni tó kí mi kú ìrìn. Mo máa ń kí ara mi nínú yàrá: "O kú òtútù o." Màá sì dá ara mi lóhùn.

Lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè ni mo ń pe màmá mi ní Ìfọ́n. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

Màá purọ́. Wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n á gbà á. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Wọ́n ní Mùfútáù ti fẹ́ ẹlòmíràn o. Sèkínà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ẹ̀rìn ni."

Mo ní kí Ọlọ́run fi aya tù ú nínú. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo fọ gbogbo aṣọ tí mo ní, títí kan èyí tó mọ́.

Nítòsí ilé mi, gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ti ń fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu lóúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ojú ò ní í tì mí láti sọ pé mo ń lọ síbẹ̀. Àwọn òyìnbó ń lọ, àwọn Lárúbáwá ń lọ, gbogbo wa ń tò sórí ìlà kan náà. Ẹni tó ń darí ibẹ̀ ni Násírínì, obìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Pakistan, tó ń borí bíi tiwa. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ti ìwé kíkà, àwòrán ni. O máa fi ìka kan ojú rẹ̀, á dá ọ lóhùn. Wàá yan ọmọ kan, wàá yan oúnjẹ tí wàá fún un, wàá máa wo bí ọmọ náà á ṣe dà bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́.

Mo yan ọmọbìnrin. Kò sí ògì níbẹ̀, mo yan èyí tó jọ ọ́ jù, oúnjẹ olómi funfun kan báyìí. Mo fi ìka fà á sínú abọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá mo fẹ́ fi nǹkan mìíràn kún un. Mo ní rárá. Oṣù kan kọjá lójú mi. Ọmọ náà dẹ́kun ẹ̀rín. Oṣù kejì, ó jókòó. Oṣù kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun rẹ̀ pọ́n.

Mo ké. Àga mi ṣubú. Násírínì sáré dé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ta ló fi ọmọ mi hàn yín?" mo ní. "Ibo lẹ ti rí ọmọ mi?"

Ó mú mi lọ sí yàrá kékeré kan, ó fún mi ní tíì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ẹsẹ̀, ti irun, ti ohun tí wọ́n pè mí láàárín agbo ilé. Orúkọ ẹnikẹ́ni nìkan ni mi ò dá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kò sẹ́ni tó jẹ ọmọ rẹ. Ebi ló pa á. Kì í ṣe ebi inú òfìfo. Inú rẹ̀ kún, àmọ́ ohun tí ń mú ara dàgbà kò sí nínú ohun tó kún un. Ẹ̀wà ìbá ṣe é, tàbí ẹja kékeré. Ẹyin..." Ó rí ojú mi, kò parí rẹ̀.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé nínú òjò. Ara tù mí fún bí ìdajì wákàtí. Èmi kọ́. Mi ò jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ru ẹ̀sùn yẹn káàkiri. Bí mo bá gbé ọmọ ọlọ́mọ, mo máa ń tètè dá a padà fún ìyá rẹ̀, kí ojú mi má baà ṣe é ní nǹkan. Ọdún mẹ́fà, ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi sì ń ta ògì, ó ń kí ìrun rẹ̀, ó ń sùn. Ìbínú náà móoru. Òun ni ẹ̀wù òtútù àkọ́kọ́ tó bá mi lára mu nílùú yẹn.

Mo pe màmá mi, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní, "Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ọmọ mi."

"Mo ti fi lé E lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́fà, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá A gbé díẹ̀ níbẹ̀."

"Asitagafurúlàhì!" ni wọ́n pariwo. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mi ò sọ ọ́ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ bá Násírínì ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Mo ń fi ìka àwọn obìnrin tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ojú kọ̀ǹpútà, mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kan láti Sòmálíà fi ọmọ rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ kan, ó ní ọmọ náà ti ń jẹ ẹ̀wà nítorí pé òun fẹ́ kó rí bí ọmọ inú ẹ̀rọ. Wọ́n fún mi ní káàdì tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀, mo so ó mọ́rùn. Mo wọ̀ ọ́ délé, mo wo ara mi nínú díńgí. Òótọ́ ni pé inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ náà tí mi ò ronú bó ṣe máa dé Ìlọ́bù.

Nígbà tó di ọdún kejì, Násírínì ní àwọn fẹ́ túmọ̀ ètò náà sí èdè mìíràn, pé Yorùbá wà níbẹ̀, àti pé àwọn ilé ìlera kéékèèké lápá Ọ̀ṣun ti gbà láti lò ó.

"Ìlú wo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?" ó bi mí.

"Ìfọ́n," mo ní. "Àti Ìlọ́bù."

Mo yí gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ padà. Mo fi ògì sí i, mo fi ẹ̀wà, edé, ẹ̀pà, ẹja ṣàwá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹyin sí i. Násírínì ní ètò náà nílò àgbàlagbà kan tí á máa ta ko ìyá ọmọ, kí àwọn abiyamọ lè kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ kọ ìmọ̀ràn tí kò dára. Mo ní, "Ẹ fi ìyẹn lé mi lọ́wọ́."

Mo jókòó ti ẹni tó ń ya àwòrán. Mo ní kó ya ìborùn aláwọ̀ ewé tí ìyakọ mi máa ń so mọ́ ìbàdí. Mo ní kó ya igbá ògì, kó ya eyín iwájú tó fi àlàfo sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo lu itan mi lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn náà jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé ó ti ń dúró níbẹ̀.

"Hẹ́n-ẹ̀n! Ògì la mu dàgbà. Àwa náà ò kú!"

Násírínì ò gbọ́ èdè wa, ohùn nìkan ló gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ta ni obìnrin yìí?"

"Kì í ṣe ẹnì kankan. Mo kàn rò ó ni."

Irọ́ ni mo pa, mo sì pa á fún ẹni tó ṣe mí lóore. Mo tún fi gbólóhùn kan kún un tí kò bèèrè lọ́wọ́ mi. Bí abiyamọ bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ìyá àgbà náà, tí ọmọ inú ẹ̀rọ wú, ìyá àgbà á ká ọwọ́ lérí, á ní, "Èmi kọ́ o! Ìyá rẹ̀ ló jẹ ẹ́!"

Ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo ti gbọ́ bó ṣe lọ. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tó ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ní Ìlọ́bù, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ọjọ́bọ̀ ni. Àwọn obìnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì jáde, ó ní kí ẹnì kan wá fọwọ́ kàn án. Ọ̀dọ́mọdébìnrin kan dìde, ó yan ògì. Ohùn náà jáde.

Ẹnì kan ní, "Yéè! Ìyá Ológì!"

Ilé dàrú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì tún un ṣe. Ìgbà tó dé "Ìyá rẹ̀ ló jẹ ẹ́", ẹ̀rín náà já. Obìnrin kan tó ń gbé nítòsí ilé Mùfútáù yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Kí ló tiẹ̀ pa ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ yẹn gan-an?"

"Ẹ tún un sọ, mà," mo ní fún màmá mi.

"Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ẹ tún un sọ."

Láàárín oṣù méjì, orúkọ ìyakọ mi ti di Àwa-náà-ò-kú. Bó bá ń kọjá, àwọn obìnrin á fọwọ́ lu itan. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò lọ sí àdúrà àsálátù mọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn, mo se ìrẹsì, mo fi ẹran sí i, mo jẹ àjẹyó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀san kì í dùn. Wọn ò tíì gbà á rí ni. Ó dùn.

Mo máa ń ronú nígbà náà pé ibo gan-an ni mò ń gbé. Ní Ìfọ́n, wọ́n á ní mo ti di ará Ìlọ́bù. Ní Ìlọ́bù, mo jẹ́ ọmọ Ìfọ́n. Níhìn-ín, àmì kan lásán ni mo jẹ́ nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kún. Ṣùgbọ́n lọ́jọọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ohùn mi ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn tó kó ẹrù mi síta, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí n dìde níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Sèkínà ni mà. Ìyàwó yín ní Ìlọ́bù ni mí. Màmá yín ló fún mi ní nọ́ńbà yín."

Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe ohun tó wà ní ilé ìlera yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mo kàn mọ̀ ni. Mà, ẹsẹ̀ ọmọ mi ti ń wú. Ìyá ò jẹ́ kí n fún un ní nǹkan mìíràn ju ògì lọ. Nígbà tí mo fọwọ́ kan nǹkan yẹn, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mo rí níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹ̀wà àti edé. Mo fún un lẹ́yin níwájú Ìyá, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ó ti ń sáré báyìí, mà. Mo ní kí n dúpẹ́ ni."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọmọ tó gba àyè ọmọ mi ń sáré, èmi ni mo sì fún un lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ gé fóònù. Sèkínà tún ní, "Ìyá wà níbí, mà. Wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Ọmọ Ìfọ́n." Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," mo ní. Ẹnu mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"O ti ṣe mí tán. Àwọn tí mo fi ògì tọ́ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Sọ fún àwọn òyìnbó rẹ kí wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn."

"Ta ló sọ pé ẹ̀yin ni?"

"Mo mọ ohùn mi."

Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn láti ọdún pípẹ́. Ọ̀rọ̀ gígùn ni. Ìgbà tó dé, ẹyọ kan ṣoṣo ló jáde.

"Ìwọ," mo ní.

Mo gbọ́ bí Sèkínà ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò pe àgbà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ilẹ̀ ò là.

"Ìwọ lo gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi, o wá ní èmi ni mo jẹ ẹ́. Lọ sí ilé ìlera lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Dúró níwájú àwọn abiyamọ. Pe orúkọ ọmọ mi. Sọ ohun tó pa á. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n yí ohùn yẹn padà."

"Bí mi ò bá lọ ńkọ́?"

"Ohùn rẹ á ṣì máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí o bá kú."

Ó gé fóònù.

Ọjọ́bọ̀ méjì kọjá, kò lọ. Ní ẹ̀kẹta, mo wà níbi iṣẹ́, mò ń ká aṣọ ibùsùn, ni Sèkínà fi fídíò pè mí. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn gbé fóònù sókè. Mo rí i. Ó ti gbẹ. Ó wọ hìjáàbù funfun tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tí ẹnì kan lu itan. Ó dúró níwájú, ó di etí tábìlì mú.

"Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán," ó ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

"Mo ní ọmọ-ọmọ kan. Àmínátù lorúkọ rẹ̀. Ó mu ògì mi títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Ìyá rẹ̀ fún un lóúnjẹ gidi, mo gbà á dànù. Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé èmi ni, ni mo fi tètè sọ pé òun ni."

Ní ìparí bẹ́ǹṣì, obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sórí itan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ibi tó tẹ̀ jin wọlé, kò padà. Nọ́ọ̀sì rí i, ó dìde lọ bá a.

Mo ti rò pé màá fò sókè lọ́jọ́ náà. Orí aṣọ ibùsùn tí mo ká ni mo jókòó lé. Ìgbà tí mo máa fi mọ nǹkan kan, ojú ìyakọ mi ti kún fóònù.

"Ó tó?" ó bi mí.

"Kò tó."

"Mo mọ̀," ó ní, ó dá fóònù padà fún Sèkínà.

Mo mú ìlérí mi ṣẹ. Mo jẹ́wọ́ fún Násírínì. Ó ní, "Ẹni tó wà láàyè lo fi ṣe ẹlẹ́yà, o sì fi iṣẹ́ mi ṣe é." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò bá mi mu tíì. Mo gba ohùn mìíràn sílẹ̀, ohùn ìyá àgbà kan tí kò jọ ẹnikẹ́ni, mo sì yọ gbólóhùn tí mo fi kún un.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyakọ mi tún lọ sí ilé ìlera. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ru ògì lọ, ó ti lọ ẹ̀pà àti sóyà mọ́ ọn. Ó dúró níwájú àwọn tuntun, ó pe orúkọ ọmọ mi, ó sọ ohun tó ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ní kí Sèkínà pè mí. "Ó tó?" Mo ní kò tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn.

Màmá mi ní ó ti tó. "Àgbà ni wọ́n, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n sinmi." Sèkínà náà ń fi ọgbọ́n bẹ̀ mí. Bóyá wọ́n tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin náà. Ọjọ́ tí mo bá sọ fún un pé ó tó, á jókòó sílé, àwọn abiyamọ tó bá dé lọ́sẹ̀ náà ò sì ní í gbọ́ orúkọ ọmọ mi, ẹnì kan nínú wọn ò sì ní í wo ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀.

Ó pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òjò pa òun lójú ọ̀nà. Ó ń wúkọ́. Mo ní kó wọ aṣọ gbígbẹ, kó mu nǹkan tó gbóná.

"Màá mu ún," ó ní. "Ṣùgbọ́n ṣé ó tó?"

"Kò tó," mo ní. "Padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."